Ìwọ lo gbé fọ́tò wa sórí státọ́ọ̀sì

Òkè-Àjẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde
Oṣù Kẹjọ, 2025

Bùkọ́lá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Mo mọ̀ pé o máa ní ìgbà ooru lẹ wà ní Halifax báyìí, ṣùgbọ́n ooru tí èèyàn ń wọ súwẹ́tà sí, ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ tí ẹ ń pè é. Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Kí n tó sọ gbólóhùn kan tán nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ti dé ọjà.

Ìwọ lo dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Mo fi fọ́tò kan tí mo ti dúró lórí pákó, tí mò ń gun ìgbì òkun ní Ghana, ránṣẹ́ sí ọ, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìwọ nìkan ni o. Ó di orí státọ́ọ̀sì. Mọ́mì rẹ rí i, wọ́n gbé fóònù dé àsàlátù, wọ́n nà án sí Maami: "Ẹ wá wo ìyàwó ọmọ yín lórí òkun." Maami tí ọmọ wọn sọ fún pé ìgbéyàwó la lọ jẹ ní Accra!

Mi ò bínú. Mo bínú díẹ̀, ó ti tán. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìrìn àjò náà ṣe lọ, torí láti 2019 lo ti ń béèrè.

O ṣáà rántí pé 2019 la kọ́kọ́ di ẹrù. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni ìjọba ti ibodè. Wọ́n ní ẹrù làwọn ti ibodè mọ́, pé kì í ṣe èèyàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ní Sèmẹ̀ máa ṣàlàyé pákó ìgbì tó gùn ju ọkùnrin lọ? A ní ká ṣe sùúrù. Kòrónà bá a dé. Nàìjíríà ṣí Sèmẹ̀ ní December 2020, Ghana ò sì ṣí ibodè orí ilẹ̀ tiwọn títí di ìparí March 2022. Lẹ́yìn ìyẹn náírà ṣubú ní 2023, a sì ká ẹnu wa kò. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òkè àjà ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà ọkọ mi ni pákó náà wà, àǹkárá ògbólógbòó ló fi dì í. Oníbàárà tó bá gbójú sókè á ní, "Ọ̀gá, ẹ tún ń kan pósí ni?"

Ojúde Ọba ọdún yìí ló kó wa yọ. Láti ìgbà tí fọ́tò ti 2024 ti lọ káàkiri ayé, kò sí régbérégbé tó tún fẹ́ wọ aṣọ lásán. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ 8, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ò fojú kan oorun. Nígbà tí owó pé, kí páànù òrùlé tó gbọ́ pé owó wọlé, mo ní ká máa lọ.

Kò gba físà, àádọ́rùn-ún ọjọ́ la lè lò níbẹ̀ nítorí ECOWAS, ìwé ìrìnnà àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú ni wọ́n ń béèrè. Pákó nìkan ló fún wa níṣòro. Orí bọ́ọ̀sì la dè é mọ́. Ọ̀gá kan níbodè yí i po, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún olóògbé." Kí n tó lanu, ọkọ mi ti ní, "Àmín, ẹ ṣeun sà." Wọ́n jẹ́ ká kọjá! Ibodè tó tẹ̀ lé e ni wọn ò ti gbà. Wọ́n ní ká tú òkú náà. Nígbà tí wọ́n rí pákó funfun, ọ̀kan nínú wọn bínú gan-an, àfi bíi pé a rẹ́ ẹ jẹ.

Kutọnu, Lomé, Aflao, Accra, Takoradi, ìdí mi kú. Ní Agona la ti yà sọ́nà etíkun, a bá dé Busua. Bùkọ́lá, ibẹ̀ dára. Ahanta ni àwọn onílé, apẹja ni púpọ̀ nínú wọn. Iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ omi, kì í ṣe àpáta, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ́ gígun ìgbì fi ń wá. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ń gun ìgbì lórí pákó tó ti kán sí méjì. Wọ́n ní láti bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹsàn-án ni ìgbì dára jù, pé ìjì tó ń jà ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, lọ́nà Antarctica, ló ń rán an wá. Ó ti rin ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú omi kó tó dé. Omi sì tutù ju bí mo ṣe rò lọ. Oṣù Keje ni omi ìsàlẹ̀ òkun ọ̀hún máa ń bẹ̀rẹ̀ sí rú sókè, wọ́n ní ẹja ló ń bá a bọ̀.

Káfíńtà tó ti wo fídíò láti ọdún yìí wá, tó mọ orúkọ gbogbo àwọn tó gun ìgbì ní Olympics Tokyo, tó jí lóru ní 2024 torí ti Tahiti, omi ṣe é bó ṣe fẹ́. Ó ń gùn ún, ó ń ṣubú. Emi tí mo tẹ̀ lé e lásán ni pákó gbà. Wọ́n máa ń fi ìda pa orí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má yọ̀; mo dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, ìda yẹn lẹ̀ mọ́ mi láyà, olùkọ́ di ìdí pákó mú, ó ń wo ẹ̀yìn, kò wò mí. Ó kàn ní, "Má wo ẹsẹ̀ rẹ." Mo gbọ́ ìgbì kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Pákó gbéra, ó ń dún ṣì-ì-ì lábẹ́ mi, olùkọ́ pariwo, mo dìde. Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Orúnkún mi ń gbọ̀n, etíkun ń sáré bọ̀ wá bá mi, mo sì ń pe Ọlọ́run pẹ̀lú orúkọ tí mi ò pè é rí. Fọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Orí tó yọ lẹ́yìn mi nínú omi, tó lanu sílẹ̀, ọkọ mi ni. Òun náà padà dìde o, kí n má purọ́ mọ́ ọn.

Ibẹ̀ la wà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje tí ìròyìn dé pé Kábíyèsí wàjà. A gbé kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo tí à ń jẹ, tì. Láti 1960, àwọn òbí wa gan-an ò fẹ́ẹ̀ mọ ọba mìíràn.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ Maami.

Ìwọ náà mọ ìdí tí ọmọ wọn fi parọ́. O mọ fọ́tò Bọ̀dá Sùlé, tí òkun gbé lọ, tó wà lára ògiri yẹn, o sì mọ ohun tí ojú wa rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ pé a lọ wẹ̀ ní odò Yemọji. (Ìwọ lo ní ká fi aṣọ ilé ìwé kọ́ igi. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Mo ti ń retí ariwo. Maami ò pariwo. Wọ́n gbé ìkókoré wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó, wọn ò bi mí léèrè ìgbéyàwó kankan. Wọ́n ní kí n mú fídíò wá. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n dá a padà. Wọ́n wá nawọ́ sí i: "Okùn wo ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ yìí?"

Mo ní okùn tí wọ́n fi ń so ọrùn ẹsẹ̀ mọ́ pákó ni, pé téèyàn bá ṣubú, pákó ò ní lè fi í sílẹ̀ lọ, yóò rí nǹkan dì mú.

Wọ́n ní, "Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń so ó fún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kírun alẹ́ tán, wọ́n á ní kí n fi fídíò yẹn ránṣẹ́, pé ti tẹ́lẹ̀ ti sọnù. Kò sọnù.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyí. Kí olùkọ́ wa tó jẹ́ ká fẹsẹ̀ kan omi, ó fi ọ̀pá fa ilà sórí iyanrìn. Ó ní gbogbo omi tí ìgbì bá gbé wá gbọ́dọ̀ padà, ibi tí iyanrìn bá ti jìn díẹ̀ ni yóò gbà, yóò máa fà tagbáratagbára lọ sójú òkun. Ibẹ̀ gan-an ni ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ ya, ojú omi á dákẹ́, àlejò á ní ibẹ̀ ló dáa láti wẹ̀. Ó ní bó bá gbé ọ, má kọjú sí etíkun máa bá a jà, kò sẹ́ni tó lágbára tó o. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o wẹ̀ sí, kí o máa tẹ̀ lé etíkun lọ, títí tí yóò fi tú ọ sílẹ̀. Ó ń pa àwọn òmùwẹ̀ pàápàá, nítorí wọ́n gbójú lé apá wọn.

Bùkọ́lá, kí ni wọ́n sọ fún wa nípa Bọ̀dá Sùlé? Pé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wọn ní Ẹ̀pẹ́ ló dàgbà, pé ó lè wẹ ọ̀sà já. Pé ní Bar Beach lọ́jọ́ Iléyá yẹn, ó kọjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tààrà, apá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ẹ̀yìn ló ń lọ. Pé ọwọ́ kan ló ń fà á. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n fún Ìyá Mọ̀lípa, orogún ìyá wọn. Ìyá yẹn ti kú pẹ̀lú orúkọ àjẹ́ lọ́rùn, Maami ò sì tíì bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun. Iléyá tó kọjá yìí, wọ́n gbé ẹran wá, Maami ní kí wọ́n gbé e padà. Bar Beach fúnra rẹ̀ ti di ilẹ̀, Eko Atlantic ni wọ́n kọ́ lé e, ìjà ṣì wà ní àdúgbò Pòrógún níbí.

Mo sọ ọ́ fún Káfíńtà. Ó ní kí n gbé ẹnu mi sọ́hùn-ún, pé kí ló kù fún ìyá òun bí wọ́n bá gba ẹ̀sùn yẹn lọ́wọ́ wọn? Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń súnmọ́ ọn fúnra wọn. Lánàá wọ́n bi mí pé, "Níbi tí ẹ lọ, ṣé omi máa ń fa èèyàn sẹ́yìn?" Mo díbọ́n pé ẹ̀rọ mi já òwú.

Bá mi pè wọ́n. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ rẹ ni láti sọ ohun tó le fún èèyàn, ìwọ náà lo sì sọ ti Bàbá fún wọn tí gbogbo wa ń sá. O ti sọ fún mi pé àwọn èèyàn ń gun ìgbì ní Lawrencetown lọ́dọ̀ yín, nínú yìnyín pàápàá. Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, dá wọn lóhùn. Bí wọn ò bá béèrè, má fi tipá sọ ọ́. Lẹ́yìn àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú ló dáa, nẹ́tíwọọ̀kì máa ń dára, Maami sì máa ń dá wà.

Má sọ pé mo kọ̀wé sí ọ. Tí wọ́n bá sì mẹ́nu ba ìgbéyàwó Accra, ìrẹsì náà dùn.

Èmi ni,
Ṣadé

Àkíyèsí: Káfíńtà ní kí o ra ìda pákó bọ̀ tí o bá ń bọ̀ ní December. Ti omi gbígbóná ni o. Ti omi tútù tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ yín, kó tó dé Busua ló máa ti yọ́.