Àwọn Tó Ń Wòran Ni Kí O Bá Sọ̀rọ̀

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé ìwọ ni wọ́n ní kó máa darí ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ rẹ lórí fífòòró ẹni lórí ẹ̀rọ ayélujára, ní ọjọọjọ́ Ẹtì. Inú mi dùn sí i gan-an. Kí o tó dúró níwájú wọn, ohun kan wà tí mo fẹ́ kó yé ọ: má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ dá lé ẹni tó ń fòòró ẹni, má sì jẹ́ kó dá lé ẹni tí wọ́n ń fòòró. Àwọn tó ń wòran ni kí o bá sọ̀rọ̀. Àwọn ló pọ̀ jù nínú yàrá yẹn, àwọn náà ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ kiri.

Mú sítíkà WhatsApp bí àpẹẹrẹ, nítorí kò sí kíláàsì tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹnì kan yà á ní fọ́tò. Ẹlòmíràn sọ fọ́tò náà di sítíkà, ó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí i, ó jù ú sínú gúrúùpù kíláàsì tó ní ènìyàn 40. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti tọ́jú rẹ̀, wọ́n ti ń fi dáhùn ọ̀rọ̀ tí kò kan ọmọ náà rárá. Ó ti dé gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé WhatsApp TV ẹnì kan tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ń wo status rẹ̀.

Ya ìlà gígùn kan sójú pátákó, kí o bi wọ́n pé ta ló ṣe kí ni. Ẹni tó ya fọ́tò, ẹni tó ṣe sítíkà, àwọn tó tọ́jú rẹ̀, àwọn tó fi èmójì ẹ̀rín sí i, admin tó rí i tí kò pa á rẹ́, àwọn tó rí i tí wọ́n kàn kọjá lọ. Jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn kọ iye ènìyàn sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn á rí i pé ènìyàn méjì péré ló dá a sílẹ̀, àti pé àwọn yòókù ló sọ ọ́ di ohun tí ọmọ yẹn ò lè sá fún. Má ṣe bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà ló ń pẹ́ lọ́kàn.

Orí ìmọ̀ yìí ni wọ́n gbé KiVa kà, ètò tó ń gbógun ti ìfòòró, èyí tí Yunifásítì Turku ní orílẹ̀-èdè Finland dá sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwé. Ojú ẹgbẹ́ ni ẹni tó ń fòòró ẹni ń wá. Bí kò bá rí ẹ̀rín gbà, iṣẹ́ náà ò wù ú ṣe mọ́.

Nítorí náà, kí ìpàdé tó parí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti mọ ohun kékeré tí òun lè ṣe. Ohun tó rọrùn jù tó sì wúlò jù ni pé kó kọ̀wé sí ẹni tí wọ́n ń fòòró ní ìkọ̀kọ̀: "Mo rí ohun tí wọ́n ṣe. Kò dára. Ṣé ara rẹ le?" Ọmọ tó rò pé gbogbo kíláàsì ló kórìíra òun máa mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èkejì, kó má lo sítíkà náà, kó sì yọ ọ́ kúrò lára èyí tó tọ́jú. Ẹ̀kẹta, admin gúrúùpù lè pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ admin ò mọ̀ pé wọ́n ní agbára yẹn. Ẹlòmíràn lè ju ìbéèrè iṣẹ́ àṣetiléwá sí gúrúùpù kí ọ̀rọ̀ lè yí padà. Ṣùgbọ́n kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má bá a jà lójú gúrúùpù. Ariwo ń pe òǹwòran wá ni, ọmọ tí wọ́n ń gbèjà ló sì máa ń san owó rẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Ẹnì kan máa dìde pé, "Ṣé gbogbo yẹ̀yẹ́ náà ni ìfòòró?" Rárá o, má sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Dan Olweus, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ènìyàn tó ṣiṣẹ́ ní Norway, fún wa ní àmì mẹ́ta: a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, a ń ṣe é léraléra, agbára kò sì dọ́gba. Ọmọ méjì tó ń bú ara wọn tí ọwọ́ wọn dọ́gba, ìjà nìyẹn. Lórí fóònù, àmì méjì tó kẹ́yìn yí àwọ̀ padà díẹ̀. Ẹnì kan lè fi nǹkan síta lẹ́ẹ̀kan péré, kí àwọn tó ń pín in sọ ọ́ di ìgbà ọgbọ̀n. Agbára sì lè wà lọ́wọ́ ẹni tó kéré jù nínú kíláàsì, bó bá jẹ́ òun ló di àwòrán mú, tàbí tó fi orúkọ pamọ́. Ẹni tó bá sì ní "eré là ń ṣe", rán an létí pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nípa ètò ìpàdé: ọmọ 12 sí 15, ìṣẹ́jú 40, kí ẹ jókòó yí po. Bí wọ́n bá ju ìyẹn lọ, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ máa farapamọ́ sẹ́yìn. Wá ọmọkùnrin kan tí ẹ jọ máa darí rẹ̀, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọkùnrin ò ní sọ fún ọ. Fi ìṣẹ́jú 5 sọ òfin ìpàdé, pàápàá pé a kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àpẹẹrẹ. Fi 10 gbé ọ̀rọ̀ sítíkà yẹn kalẹ̀, kí o pín wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì fi ìyókù jíròrò ohun tí wọ́n rí.

Má ṣe sọ láéláé pé "ẹni tí wọ́n bá ti fòòró rí, kó nawọ́ sókè." Èyí ló ń ba ìpàdé bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù lọ, nítorí ẹni tó ń fòòró rẹ̀ lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pín bébà kéékèèké, kí gbogbo yín kọ nǹkan, kí ẹ ká a, kí ẹ sọ ọ́ sínú àpótí. Gbogbo yín ni mo wí. Ẹni tí kò ní nǹkan kan sọ, kó kọ orúkọ oúnjẹ tó fẹ́ràn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo ta ló ń kọ̀wé. Má ka bébà kankan sókè níbẹ̀. Gbé àpótí náà fún olùdámọ̀ràn ilé ìwé yín, kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Má sì sọ ìtàn ọmọ tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ láti fi dẹ́rù bà wọ́n. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti wúwo lè gbọ́ ọ bí ẹni tí a fi ọ̀nà hàn.

Àṣà wa kan tún wà tí kò bá èyí mu: kí a pe àwọn méjèèjì síwájú, kí èyí kúnlẹ̀ bẹ èyí, kí wọ́n dì mọ́ra, kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó dára fún ìjà. Fún ìfòòró, ó ń fipá mú ẹni tí wọ́n ṣe níbi láti dárí jì níwájú àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ni. Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ni láti rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ kì í ṣe adájọ́.

Nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí ẹ mú fóònù wá sílé ìwé, ra káàdíbọ́ọ̀dù, kí o ya ojú fóònù sí i pẹ̀lú máákà. Ya bí a ṣe ń wọ Settings, Privacy, Groups, kí a tó yan My contacts, kí ẹni tí a kò mọ̀ má baà lè fà wá sínú gúrúùpù. Kọ́ wọn ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹ̀rí pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Screenshot ló ṣáájú, kí ọjọ́, aago àti nọ́ńbà ẹni náà hàn níbẹ̀. Orúkọ nìkan kò tó, ẹnikẹ́ni lè yí orúkọ padà. Status máa ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, nítorí náà kò sí "ó di ọ̀la". Lẹ́yìn screenshot ni report, lẹ́yìn report ni block. Bí o bá report ẹnì kan, WhatsApp máa gba ọ̀rọ̀ márùn-ún tó fi ránṣẹ́ sí ọ kẹ́yìn, wọn kì í sì í sọ fún un. Àmọ́ ẹni tó bá kánjú block tó sì pa gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀rí nù.

Níbì kan ṣoṣo ni ìlànà yìí ti yí padà pátápátá: bó bá jẹ́ àwòrán ìhòòhò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe screenshot rẹ̀, kó má fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ "láti fi jẹ́rìí", kó má tọ́jú rẹ̀. Apá 23 òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015, ka níní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àti pípín in sí ọ̀daràn. Ó kan èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ AI lẹ orí ọmọ mọ́ náà. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago nìkan ni kó kọ sí bébà, kó mú un lọ bá àgbàlagbà. Ọmọ tó ni àwòrán náà lè lo Take It Down, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan láti Amẹ́ríkà. Àwòrán ò ní kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ á sọ ọ́ di nọ́ńbà ìdámọ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ Instagram, TikTok àti àwọn mìíràn kí wọ́n lè wá a kàn. Kò lè dé inú WhatsApp, torí títì ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wà, àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìkan ló lè rí i. Sọ ààlà yẹn fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kò sí.

Bí ẹnì kan bá ń halẹ̀ pé òun máa fi àwòrán síta àyàfi tí ọmọ bá sanwó, kó má san án, nítorí owó àkọ́kọ́ ló ń fi hàn án pé owó wà. Kó má fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́, kó má pa ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ rẹ́, kó sì sọ fún àgbàlagbà lọ́jọ́ náà gan-an. Àgbàlagbà ló máa fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Sọ fún àwọn ọmọkùnrin tó bá rò pé ọ̀nà owó nìyẹn pé ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Michigan rán tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Èkó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù 6 ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí irú ìwà yìí. Láti Nàìjíríà ni wọ́n ti kó wọn lọ. Yàtọ̀ sí èyí, má fi òfin dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n bá ń bà á máa pa ẹ̀rí rẹ́, kò ní tọrọ ìrànwọ́.

Wọ́n máa wá bá ọ níkọ̀kọ̀, Àbẹ̀kẹ́, wọ́n á ní, "Ṣèlérí pé o ò ní sọ." Má ṣèlérí. Sọ pé: "Mi ò ní sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n bí ó bá léwu, èmi àti ìwọ la jọ máa lọ bá àgbàlagbà." Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ayé sú òun, má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, má dúró dìgbà tí ìpàdé parí. Mú un lọ́wọ́ lọ bá olùdámọ̀ràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, má dáhùn ọ̀rọ̀ ìpàdé mọ́. Sọ fún wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí o sì fún wọn ní orúkọ àgbàlagbà tí wọ́n lè pè. Bí wọ́n bá sọ ìwọ fúnra rẹ di sítíkà nítorí iṣẹ́ yìí, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè. Mi ò ní gba fóònù rẹ. Ìbẹ̀rù pé òbí máa gba fóònù ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́nu mọ́, mo sì ń kọ ọ́ síbí kí o lè fi í mú mi.

Bí ìwọ àti olùdámọ̀ràn bá ti yẹ àpótí náà wò, kọ àwọn ìbéèrè tó jáde ránṣẹ́ sí mi láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni, kí a jọ yan èyí tí ìpàdé kejì máa dá lé.

Èmi ni, ìyá rẹ.