Lẹ́tà sí èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́

Ìwọ tèmi,

Mo rántí ìjókòó rẹ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ò ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́. Ìṣẹ́jú 5 fún àtúnyẹ̀wò, 20 fún àlàyé, 10 fún iṣẹ́ ṣíṣe. Ìwé náà wuni í wò (ọwọ́ ìkọ̀wé wa ṣì dára nígbà yẹn), àmọ́ kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí o kọ́ wọn ní ìdá, ọmọ kan kọ ọ́ pé 1/2 + 1/3 = 2/5. O fi bírò pupa fa X sí i, o kọjá, torí pé ìsọdipúpọ̀ ló kàn nínú ìwé. Kì í ṣe òun nìkan o, ọmọ 11 ló kọ 2/5 yẹn. Bí èèyàn 11 bá ṣìnà ní oríta kan náà, ó yẹ ká lọ wo oríta ọ̀hún. Wọn ò kàn méfò o. Wọ́n ro nọ́ńbà òkè pọ̀, wọ́n ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀, bí wọ́n ṣe ń ro nǹkan pọ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń ka ení, èjì.

Bi wọ́n pé: ìdajì àti 2/5, èwo ló tóbi jù? Báwo lẹ ṣe fi nǹkan kún ìdajì tó wá kéré sí ìdajì? Kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni kí o pín bébà fún wọn, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ po sọ́nà 6, kí wọ́n kun 3 fún ìdajì, kí wọ́n tún kun 2 fún 1/3. Ó máa jẹ odindi ìṣẹ́jú 40. Jẹ́ kó jẹ ẹ́.

O tún máa fẹ́ pín wọn sí ẹni tó ń fojú kọ́ àti ẹni tó ń fetí kọ́. Má wulẹ̀ dààmú. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà yẹ ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò, wọn ò rí ẹ̀rí tó tó pé irú ìpín bẹ́ẹ̀ ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ láǹfààní. Ohun tí kálukú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí o máa wá.

Ìwé ètò tèmi kò lẹ́wà mọ́. Mo máa ń fi ìdajì ojú ewé sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀gá kan tó wá yẹ ìwé wò bi mí rí pé ṣé mi ò tíì parí ẹ̀ ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, àwọn ọmọ ò tíì dé.