Ẹ má tìtorí pé ó tan iná ra transponder àlòkù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síwájú àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Iṣẹ́ rédíò bàálù ni mo ṣe ní Kútọnu títí mo fi fẹ̀yìntì sí Àjàṣẹ́ níbí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ohio ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù kékeré oníjòkòó méjì, òfin Amẹ́ríkà sì fàyè gbà á. Láìpẹ́ yìí ó fi fọ́tò transponder àlòkù kan ránṣẹ́ sí mi: "Bàbá Kékeré, ó ń tan iná, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣé kí n rà á?" Mo ní kó dúró ná.

Transponder ni ẹ̀rọ inú bàálù tó ń dá rédà ilẹ̀ lóhùn. Rédà á bèèrè lórí 1030 MHz, òun á fèsì lórí 1090 MHz: nọ́ńbà mẹ́rin tí awakọ̀ yí sí i, àti bí bàálù ṣe ga tó. Ẹ̀rọ TCAS inú bàálù ńlá, tí kì í jẹ́ kí bàálù kọlu ara wọn, náà ń bèèrè, èsì yẹn ló sì fi ń sọ fún awakọ̀ pé kó gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Bí transponder ọmọ wa bá ń purọ́, ẹ̀mí èrò inú bàálù ẹlòmíràn ló fi ń wewu. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé férémù irin tí wọ́n ń ti ẹ̀rọ náà bọ̀ dà? Àwọn tó ń ta àlòkù sábà máa ń fa ẹ̀rọ yọ, wọ́n á wá fi férémù àti pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ nínú bàálù àtijọ́. Ìwé tó fi ọ̀nà wáyà hàn ńkọ́? Fólítì 14 ni àbí 28?

Gíga ló le jù nínú rẹ̀. Transponder fúnra rẹ̀ kò mọ gíga. Encoder ló ń wọn agbára afẹ́fẹ́, tó ń sọ fún un. Nínú àwọn ti àtijọ́, wáyà mẹ́sàn-án ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà fún bàálù kékeré, àwọn tó níná àti àwọn tí kò ní ló ń para pọ̀ sọ gíga, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà sí ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀kan bá já, tàbí méjì pààrọ̀ ipò, gíga á tọ̀nà níbì kan, á sì ṣìnà gan-an níbòmíràn. Ó lè péye nílẹ̀, kó bàjẹ́ lókè. Kí wọ́n fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa wò ó ní ìpele-ìpele títí dé ibi tí bàálù náà lè gùn dé. 1013.25 hPa, òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ kan náà fún gbogbo bàálù, sì ni encoder ń lò nígbà gbogbo. Kí ẹnikẹ́ni má yí i torí kó lè bá agbára afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà mu.

Bó bá jẹ́ Mode S, irú transponder tó ń sọ bàálù tó wà nínú rẹ̀ gan-an, kóòdù bíìtì 24 tí wọ́n fi ń dá bàálù àkọ́kọ́ mọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá yí i sí ti tuntun, rédà á máa rò pé bàálù ẹlòmíràn ni. Mode C lásán, irú tó ń sọ nọ́ńbà mẹ́rin àti gíga nìkan, kò sì tó fún ADS-B, ètò tí bàálù fi ń kéde ibi tó wà fúnra rẹ̀, tó ti di dandan lọ́hùn-ún ní ọ̀pọ̀ òfuurufú láti 2020.

Eriali rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méje, abẹ́ ikùn bàálù ni ipò rẹ̀. Bí ara bàálù bá jẹ́ igi tàbí fáíbà, kó tẹ́ páànù alumíníọ́mù sí ìdí rẹ̀. Irú wáyà tẹlifíṣàn tí wọ́n ń tà lọ́jà Wàǹdó níbí kò ṣeé lò: óòmù 75 ni, 50 ni transponder fẹ́. Kó má sì tan ẹ̀rọ náà láìso eriali mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìsopọ̀, àti láàárín oṣù 24 síra, ilé iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó kan bàálù kò lè fọwọ́ sí èyí fúnra rẹ̀. Mo ní kó ti bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó sanwó, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń tà á ti gbà. Ó ń wá férémù rẹ̀ lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ rédíò bàálù tó ti fẹ̀yìntì, Àjàṣẹ́