Lẹ́tà ẹ̀sùn: Sítíkà tuntun lórí ẹ̀rọ tí ẹ ò tú wò

Sí Mánéjà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹ́sítà tí mo fi ń wọn iná páàtì bàlúù ni mo fi ránṣẹ́ sí yín fún calibration, ìyẹn kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ló ń kà, ẹ wá dá a padà pẹ̀lú sítíkà tuntun láì tú u wò. Nọ́ńbà jọ́ọ̀bù mi wà lọ́wọ́ yín, gbogbo ìméèlì mi náà wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tún ní kí n ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, ó ti sú mi. Ìkẹjà ní kí n pe Àbújá, Àbújá ní Ìkẹjà ló kàn, màdáámù kan ní ẹnjiníà máa pè mí kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, mi ò gbọ́ nǹkan kan títí dòní.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó gbé fóònù kẹ́yìn yẹn ló bí mi nínú jù. Mo ní téèpù tí mo fi lẹ ẹnu àpótí náà kó tó kúrò l'Óṣogbo kò já, sáìn tí mo fi bírò kọ sórí ẹ̀ ṣì wà lódindi, báwo lẹ ṣe wá ṣe calibration tẹ́sítà tó wà nínú ẹ̀? Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ kì í ki nǹkan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nílé yín ni? Tó bá ti tàn, ó dáa nìyẹn." Ló bá gé fóònù mọ́ mi létí. Iná bàlúù ológun ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì o! Iná NEPA, 50 hertz ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní sẹ́kọ́ńdì kan, iná AC (alọ-àbọ̀) ti bàlúù, 400 hertz ni, kí ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé mi fẹ́ sọ fún mi?

Iná DC inú bàlúù, èyí tó ń lọ sápá kan ṣoṣo, tí à ń pè ní 28 volt yẹn, 22 sí 29 ló gbọdọ̀ wà tí nǹkan bá ń lọ déédéé. Tí tẹ́sítà bá fi volt méjì purọ́, 30 ló máa pè ní 28, èmi á fọwọ́ sí i pé páàtì dáa, wọ́n á dè é mọ́ bàlúù, ọmọ ọlọ́mọ á gbé e gòkè. Sẹtifíkéètì yín gan-an, "PASS" nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí fígọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ wọ̀n.

Ẹ wá gbé e ní Òkè-Fìà fúnra yín, lówó yín, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ẹ kọ ohun tó ń kà kí ẹ tó tún un ṣe àti lẹ́yìn ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ dá owó mi padà. Tó bá fi di Friday tó ń bọ̀ tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mò ń kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, fọ́tò téèpù yẹn á sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù Air Force.

Èmi ni, kọ́sítọ́mà yín l'Óṣogbo.