Ẹ Má Dá Ẹ̀rín Lẹ́bi, Ẹ Wo Ẹni Tó Gbé Kámẹ́rà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ, níbi tó ti ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣètò àtiwo sinimá nílùú Kétu, ní ilẹ̀ Benin, má ṣe fi fíìmù àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ń jẹ́ C'est arrivé près de chez vous han ẹnikẹ́ni, nítorí pé, lójú tirẹ̀, fíìmù náà sọ ìpànìyàn di ohun ẹ̀rín. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù tó ń bà á. Mo ti wo fíìmù náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé ka iwájú ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó dá fún un kò tọ́, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè láti sọ ìdí rẹ̀.

Rémy Belvaux, André Bonzel àti Benoît Poelvoorde ni wọ́n jọ ṣe fíìmù náà, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí owó kò sì sí lọ́wọ́ wọn. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni wọ́n kó ṣe òṣèré, débi pé ìyá Poelvoorde gan-an ló ṣe ìyá apànìyàn tí ọmọ rẹ̀ ṣe, orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n nílé náà ni wọ́n sì ń jẹ́ nínú eré. Wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún sinimá ìlú Cannes, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1992, ó sì gba ẹ̀bùn níbẹ̀. Nínú ìtàn náà, àwọn oníkámẹ́rà kan tí kò rí owó ná ń tẹ̀ lé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ben káàkiri, kí wọ́n lè ya bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ náà sì ni kó máa pa èèyàn, kó sì máa kó wọn lówó lọ. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n, bí ohùn bá ṣàdédé já, kò sí ẹni tí yóò ní kí ló dé, nítorí àìlówó wà nínú ìtàn náà fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibì kan tí ẹ̀rín ti pa wá nígbà tí a wò ó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ben àti àwọn oníkámẹ́rà wọlé ìyá arúgbó kan, wọ́n díbọ́n pé iṣẹ́ ìròyìn ló gbé àwọn wá, ìyá náà sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lójijì ni Ben yọ ìbọn, tó sì figbe ta sí i létí, bẹ́ẹ̀ ni àyà ìyá náà já, ó kú. Ben wá yíjú sí kámẹ́rà, ó ní òun ti rí oògùn àìsàn ọkàn tó ń lò, nítorí náà òun kò fi ọta ìbọn ṣòfò. Bó ṣe ń ṣe àlàyé náà bí oníṣòwò tó ń ṣírò èrè ló mú wa rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀ ni mo tó bi ara mi pé, àwọn tó gbé kámẹ́rà ńkọ́? Wọ́n wà nínú yàrá yẹn. Wọ́n rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sẹ́ni tó la ẹnu nínú wọn.

Àwọn wọ̀nyí gan-an ni fíìmù náà ń bá wí, kì í ṣe Ben. Ó ra oúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹ. Owó wọn tán, ó mú nínú owó òkú fún wọn kí iṣẹ́ má bàa dúró, wọ́n gbà á. Láìpẹ́ wọ́n ń bá a gbé òkú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n tẹ̀ lé e wọ ilé tọkọtaya kan, gbogbo wọn sì jọ fi ipá bá ìyàwó náà lò pọ̀ kí wọ́n tó pa àwọn méjèèjì. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́ nínú yàrá wa. Àwọn tó ṣe fíìmù náà mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀rín lẹ́nu wa ni, kí ojú lè tì wá fún gbogbo èyí tí a ti rín ṣáájú. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, àwa tí a jókòó tí a ń wò sì ti bá wọn gbà á.

Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi pé Kétu ni irú ẹjọ́ yìí ti wá. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wá. UNESCO pàápàá ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò lọ́dún 2008. Ṣé ẹ̀rín kọ́ ni Ẹ̀fẹ̀, olórin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, fi ń mú ọ̀daràn ni? Tó bá di ọ̀gànjọ́ òru, tí Ẹ̀fẹ̀ jáde, á kọrin nípa olè, á kọrin nípa aṣẹ́wó, á kọrin nípa ìjòyè tó jẹ owó ìlú, àwọn èèyàn á sì máa rẹ́rìn-ín títí wọn á fi di ikùn mú. Kò sí àgbà ìlú tó ní ẹni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ti gbe olè lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni, a sì mọ̀ ọ́n láti ilé.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ni fóònù tó wà lọ́wọ́ wa. Bí àwọn èrò bá mú ẹni tí wọ́n pè ní olè ní ọjà tàbí ní ojú títì, tí wọ́n fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, tí wọ́n da epo pẹtiróòlù sí i lára, àwọn tó yọ fóònù máa ń pọ̀ ju àwọn tó ní ìṣáná lọ́wọ́ lọ. Wọ́n á yà á, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ẹni tó gbà á náà á tún fi ránṣẹ́. Mo ti rí irú fídíò bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin tó ń jóná ń pe orúkọ ìyá rẹ̀, tí ohùn ẹni tó ń yà á sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n ń dí òun lójú. Kò sí fíìmù tí mo tíì rí tó mú ẹni yẹn bí èyí ṣe mú un.

Ibì kan wà tí mo ti gbà pẹ̀lú òǹkàwé yín tó kọ lẹ́tà yẹn. Nínú fíìmù náà, Ben po ọtí kan, ó fi orúkọ ọmọkùnrin kékeré kan pè é, ọmọ tí wọ́n di tọwọ́tẹsẹ̀ tí wọ́n sì jù sódò ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1984. Ọmọ ènìyàn gidi ni, àwọn òbí rẹ̀ sì wà láàyè nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù náà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ kì í kọrin bú òkú ọmọ, n kò sì ní wá àwíjàre fún wọn níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùṣètò ni pé kí wọ́n má fagi lé e. Kí wọ́n fi í han àwọn àgbàlagbà nìkan, kí wọ́n sọ fún àwọn obìnrin ṣáájú pé ìran ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó lè jáde, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Faransé tí Ben ń sọ yára púpọ̀, ọ̀pọ̀ àgbà Kétu kò sì ní gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò máa sọ ọ́ ní Yorùbá bí àwòrán ṣe ń lọ, mo ti ṣetán láti ṣe é láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan, Kétu