Lẹ́tà sí Ṣadé láti Kubwa

Kubwa, Àbújá
5 Oṣù Kejìlá

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ kú òtútù. Ọyẹ́ ti dé bá àwa náà níbí; eruku ti bo orí páànù, ètè gbogbo wa ti ń là.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1958, kí ló fẹ́ ṣe fún ọmọ tó jẹ́ pé fóònù ló ń gbé sùn, òun náà ló ń gbé jí? Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà.

Things Fall Apart, ìwé ìtàn tí Chinua Achebe kọ, ni mo fi gbogbo táàmù yìí kọ́ àwọn ọmọ SS2. Ọmọ 41 ni wọ́n, ìwé 11 péré la sì rí. Hausa wà nínú wọn, Gbagyi, Igbo, Tiv, Kanuri, àti àwa Yorùbá. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ní kí n má fi àkókò ṣòfò, kí n kọ kókó ìtàn sójú bọ́ọ̀dù, kí wọ́n dà á kọ, torí ìdánwò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí a ka orí 25 náà pátá sókè ketekete, bí ẹnì kan bá kà, ẹlòmíràn á gbà á.

Orí keje gan-an ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ṣé o rántí pé eṣú ló kọ́kọ́ ya wọ ìlú? Inú gbogbo ayé dùn, wọ́n kó o, wọ́n yan án nínú ìkòkò, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n ń fi epo pupa jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Borno fò dìde, ó fi Hausa pe eṣú: “Mà, fara nìyẹn!” Lọ́jọ́ kejì ó gbé e wá nínú ọ̀rá dúdú, èyí tí wọ́n ti dín, tí wọ́n fi yájì sí. Gbogbo wa jẹ ẹ́. Ọmọ kan tó ti ń yínmú tẹ́lẹ̀ ló padà ń ṣa ẹsẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ọ̀rá.

Ata ṣì ń ta wá lẹ́nu nígbà tí a ka ibi tó kàn. Okonkwo, Nwoye ọmọ rẹ̀, àti Ikemefuna, ọmọ ìlú mìíràn tí wọ́n fi sọ́dọ̀ Okonkwo, ń jẹ eṣú, wọ́n ń mu ẹmu, ni bàbá àgbà Ezeudu bá wọlé. Ó pe Okonkwo síta, ó ní ìlú ti pinnu láti pa Ikemefuna, kó má fọwọ́ ara rẹ̀ sí i, torí ọmọ yẹn ń pè é ní bàbá. Wọ́n wá sọ fún Ikemefuna pé ilé ni wọ́n ń mú un lọ. Lójú ọ̀nà, wọ́n ṣá a, ìkòkò ẹmu tó rù fọ́ sínú iyanrìn, ó sì sáré lọ bá bàbá tó ti mọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Bàbá fa àdá yọ. Kí wọ́n má baà pè é ní ojo ni.

Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé ló béèrè pé, “Mà, ṣé kò sẹ́ni tó lè sọ òótọ́ fún un ni?” Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Ó ní nígbà tí wọ́n ń mú òun kúrò lábúlé, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ní òun máa lò. Ó ti di ọdún mẹ́rin. Ṣadé, látìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ yìí, n ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo pa ìwé dé. A sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi lu aago. Kókó ìtàn wo lójú bọ́ọ̀dù ni ì bá fa ìyẹn yọ lẹ́nu rẹ̀?

Òwe Igbo tó kún inú ìwé náà tún mú kí wọ́n máa túmọ̀ òwe ilé wọn sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó yà wọ́n lẹ́nu púpọ̀ pé Achebe kò tíì pé ọdún 28 nígbà tí ìwé yẹn jáde.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la kà á tán. Okonkwo ti pokùn so. Bí àjẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣe ń kúrò níbẹ̀, ìwé tí òun fẹ́ kọ ló ń rò: pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi orí kan. Ó tún un rò, ó ní ìpínrọ̀ kan tó nípọn díẹ̀ á tó. Ọmọkùnrin Borno yẹn náà ló sọ pé, “Mà, ká ní kókó ìtàn la dà kọ, ohun tí òyìnbó yìí ṣe fún Okonkwo làwa náà ì bá ṣe.” Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ o. Òun ló rí i.

Bí o bá ń bọ̀ wálé, má ra bàtà fún mi. Bá mi wá àlòkù ìwé náà, iye tí àpótí rẹ bá lè gbà. Èyí tí Wálé Ògúnyẹmí túmọ̀ sí Yorùbá, Ìgbésí Ayé Okonkwo, màá wá a fúnra mi ní Ìbàdàn. Mo fẹ́ ka orí keje rẹ̀ fún Màmá. O mọ iye ọmọ ọlọ́mọ tó gba ọwọ́ wọn kọjá nílé wa.

Bá mi kí àwọn ìbejì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí