Ẹ Má Fẹnu Lásán Lọ Ìpàdé Ìṣúná

Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò kì í dé ìpàdé ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ àfi ìgbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Oṣù kìíní ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ ti rí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ béèrè àbá ìṣúná náà: òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì, ẹ ò sì níláti sọ ìdí.

Tó bá kàn yín láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, "ọ̀nà wa bàjẹ́" kò tó. (Ta ni tiẹ̀ dáa?) Ẹ dárúkọ òpópónà, ẹ sọ iye mítà gọ́tà tó dí, ẹ tọ́ka sí ojú ìwé àbá ìṣúná tó yẹ kí owó rẹ̀ wà. Kí ẹ tó jókòó, ẹ fún akọ̀wé ní ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín tí ẹ kọ sílẹ̀, kó lu òǹtẹ̀ mọ́ tiyín.

Olùgbé ìjọba ìbílẹ̀ kan